NÍGBÀ TÍ JẸJẸRẸ KÒ BÁ GBỌ́ TI OÒGÙN MỌ́

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti oṣù yíyọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìjà oyè Imáàmù, èyí tí ó ti sú èmi alára. Ọ̀rọ̀ àìsàn ni, mo sì fẹ́ kí ẹ fi sùúrù kà á dé òpin, nítorí ọ̀nà rẹ̀ gùn díẹ̀.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ asaláátù wa. Àlàájà ni, aṣọ ni ó sì ń tà ní ọjà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ náà kí ayé gbọ́, ṣùgbọ́n kí n fi orúkọ òun sílẹ̀. Kókó kan yọ sí i ní ọyàn. Ó kọ́kọ́ fi í pamọ́ fún oṣù mélòó kan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ obìnrin wa ti ń ṣe. Nígbà tí ó di ohun tí aṣọ kò lè bò mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ní yóò gba oògùn sínú iṣan lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Ó gba mẹ́ta. Irun rẹ̀ re, ẹnu rẹ̀ korò, ṣùgbọ́n kókó náà rọ̀, ó sì kéré sí i. Inú gbogbo wa dùn. Ìgbà náà ni oṣù Rámádàánì wọlé dé. Ẹnì kan wí fún un pé abẹ́rẹ́ yóò ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹlòmíràn wí pé kókó tí ó ti ń lọ yẹn, Ọlọ́run ni ó ń mú un lọ, kí ó fi ìyókù sílẹ̀ fún àdúà. Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú wà nínú rẹ̀: ìdajì owó tí ó fi ń ra ọjà ni ó ti bá àìsàn lọ. Ó ní òun yóò sinmi títí di ẹ̀yìn Iléyá. Ẹ̀yin náà ẹ ka iye oṣù tí ó wà láàárín Rámádàánì àti Iléyá.

Nígbà tí ó padà dé ọ̀dọ̀ dọ́kítà, kókó náà ti tóbi ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ oògùn kan náà. Wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mejì, kò mira. Dọ́kítà wá wí fún un jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, àìsàn yìí kò gbọ́ ti oògùn yẹn mọ́."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ kan ó wá sí ilé mi. Ó jókòó, kò mu omi tí a gbé fún un. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ẹ bá mi wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé oògùn ayédèrú ni wọ́n fún mi ni? Àbí èmi ni mo ṣẹ̀?"

N kò rí èsì fún un. Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa tí ó jẹ́ dọ́kítà, mo jókòó tì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ka ohun tí ó fún mi kà. Ohun tí mo rí gbọ́ ni n ó sọ, n ó sì fi èrò ti ara mi kún un níbi tí ó bá yẹ.

Ọdún 21 ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ilé ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ní àdúgbò yẹn mọ mẹ́gáàdì. Òun ni kì í jẹ́ kí àwọn olónjẹ, àwọn oníkiri, àti àwọn tí ń wá iṣẹ́ ya wọ inú ọgbà. Bí ọ̀kan bá yọ́ wọlé, mẹ́gáàdì yóò gbá a lọ́rùn mú, yóò tì í sí títì. Kì í bi í pé kí ni ó gbé lérí. Ẹ̀wà ni o, àkàrà ni o, ìwé ẹ̀bẹ̀ ni o, ìta ni gbogbo wọn ń bá ara wọn.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ara ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ọ, ohun kékeré tí ojú lásán kò lè rí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ògiri tirẹ̀. Ní ọdún 1976, àwọn onímọ̀ méjì ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, Juliano àti Ling, ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti ara ẹranko kékeré kan tí ó jọ eku. Wọ́n ń fi májèlé ewéko kan tí a ń pè ní colchicine sí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì kú, ṣùgbọ́n àwọn kan kò kú. Nígbà tí wọ́n wo ògiri àwọn tí kò kú, wọ́n bá ohun kan níbẹ̀ tí kò pọ̀ bẹ́ẹ̀ lára àwọn yòókù. Wọ́n sọ ọ́ ní P-glycoprotein. Mẹ́gáàdì ni. Bí oògùn bá wọlé, yóò gbá a mú, yóò tì í sóde, kí oògùn náà tó ráyè ṣe ohun tí ó bá wá.

Ohun tí ó ya gbogbo ayé lẹ́nu nìyí: oògùn kan ṣoṣo ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí rí rí, ṣùgbọ́n wọ́n ń lé àwọn oògùn mìíràn tí wọn kò pàdé rí pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí dọ́kítà fi lè pààrọ̀ oògùn jẹjẹrẹ kan sí òmíràn, kí èkejì náà má sì ṣiṣẹ́. Vincristine, tí a mú jáde láti ara òdòdó kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn síwájú ilé fún ẹwà, mẹ́gáàdì yìí ń lé e. Doxorubicin, oògùn pupa yẹn tí ó dà bí omi ṣóbò, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí láti ara kòkòrò inú ilẹ̀ ní Ítálì, ó ń lé e. Paclitaxel, tí ó wá láti ara èèpo igi kan ní Amẹ́ríkà, ó ń lé òun náà.

Mo bi dọ́kítà wa pé kí ni ó dé tí Ẹlẹ́dàá fi irú ohun bẹ́ẹ̀ sí wa lára. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ègún. Mẹ́gáàdì kan náà wà nínú ìfun wa, nínú ẹ̀dọ̀, nínú kíndìnrín, àti lẹ́nu ọ̀nà ọpọlọ. Òun ni ó ń lé májèlé tí ó wà nínú ewé àti èso tí à ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá. Ìwọ tí o ń jẹ ẹ̀fọ́ tí o kò kú, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹjẹrẹ kò dá tirẹ̀ ṣe. Ohun tí Ọlọ́run fi dáàbò bò wá ni ó jí lò. Nítorí pé inú ewéko àti inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ ti wá, mẹ́gáàdì ń rí wọn bí májèlé, ó sì ń lé wọn.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ni ó ń lé o, kì í sì í ṣe òun nìkan ni ọgbọ́n tí jẹjẹrẹ ní. Òmíràn a máa tún ohun tí oògùn bàjẹ́ ṣe kíákíá, òmíràn a máa pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tí oògùn ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n mẹ́gáàdì yìí ni a kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa, òun ni a sì kọ́kọ́ bá jà.

Ní ọdún 1981, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japan, Takashi Tsuruo, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ṣe ohun kan tí ó múnú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Wọ́n mú verapamil, oògùn tí àwọn aláìsàn ọkàn àti ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń lò, wọ́n lò ó pọ̀ mọ́ vincristine fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lára èkúté. Jẹjẹrẹ tí kò gbọ́ ti vincristine tẹ́lẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́. Verapamil kò pa jẹjẹrẹ. Mẹ́gáàdì ni ó fi ọ̀rọ̀ dá dúró. Àwa òṣìṣẹ́ Ìkẹjà mọ ọgbọ́n yẹn. Ẹnì kan yóò lọ bá mẹ́gáàdì lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa bi í léèrè ìlú rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, èkejì yóò sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Ǹjẹ́ kí ni ó dé tí a kò fi rí i lò fún Àlàájà wa? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ dùn mí dé. Láti dá mẹ́gáàdì dúró dáadáa lára ènìyàn, ó ní láti jẹ́ verapamil tí ó pọ̀ dé ibi tí yóò fi ba iṣẹ́ ọkàn jẹ́. Wọ́n wá ṣe òmíràn, valspodar, tí ó lágbára jù ú lọ. Wọ́n dán an wò lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, pàápàá àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí o bá ti mẹ́gáàdì jẹjẹrẹ mọ́lé, o ti ti mẹ́gáàdì ìfun àti ti ẹ̀dọ̀ mọ́lé pẹ̀lú. Oògùn jẹjẹrẹ kò rọ́nà jáde kúrò nínú ara mọ́, ó ń pa ohun rere lára. Àwọn dọ́kítà ní láti dín oògùn jẹjẹrẹ náà kù, èrè tí wọ́n rò sì pòórá. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ìdánwò kan mú ìrètí wá, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù kò mú nǹkan wá. Tariquidar tẹ̀lé e. Wọ́n dá ìdánwò rẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró dúró ní 2003 nítorí ìpalára. Ní 2021, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ oògùn kọ̀ láti fọwọ́ sí òmíràn tí wọ́n fẹ́ máa lò pẹ̀lú paclitaxel tí a ń gbé mì, wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀ kò tó, wọ́n sì ń bẹ̀rù ohun tí ó ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀.

Ó lé ní 40 ọdún tí a ti ń bá mẹ́gáàdì jà báyìí. Mo sọ gbogbo èyí nítorí pé mo mọ àwọn ará wa. Lọ́la, ẹnì kan yóò dúró nínú ọkọ̀ akérò ní Pen Cinema, yóò ní òun ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń ṣí ọ̀nà fún oògùn jẹjẹrẹ. Ẹ má rà á. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró kò ní í wà láyé láti gba abẹ́rẹ́ kẹrin.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé kò sí nǹkan tí ó ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ti ṣiṣẹ́ jù láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí a fi oògùn púpọ̀ tí ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra kọlu jẹjẹrẹ pọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a má sì jẹ́ kí ó mí. Ní Ìbàdàn níbí, oníṣẹ́ abẹ kan tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Anomah Ngu, wà lára àwọn tí ó fi oògùn wo àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ Burkitt wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì yè. Ní 1972 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Lasker ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun àti àwọn mìíràn, nítorí iṣẹ́ yẹn. Ìbàdàn ni o, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù.

Èkejì ni pé kí a yẹra fún mẹ́gáàdì pátápátá, kí a wá oògùn tí ó mọ ojú jẹjẹrẹ kan pàtó. Irú jẹjẹrẹ ọyàn kan wà tí wọ́n ń pè ní HER2. Oògùn rẹ̀, trastuzumab, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1998. Ilé ìwòsàn wa ní Ìkẹjà, LASUTH, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1955 bí ilé ìwòsàn kékeré nígbà tí Ìkẹjà kò tíì sí lábẹ́ Èkó, tí ó sì di ilé ìwòsàn olùkọ́ni ní 2001, wà lára àwọn tí ó kópa nínú ìdánwò kan tí a ń pè ní ARETTA, òun pẹ̀lú LUTH ní Ìdí-Àràbà, UCH ní Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn yunifásítì Ifẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé tí ó wà ní Chicago, wà nínú iṣẹ́ náà. Àwọn obìnrin wa ni wọ́n fún ní trastuzumab pẹ̀lú docetaxel kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Láti 2019 sì ni òmíràn ti wà ní Amẹ́ríkà, trastuzumab deruxtecan, tí ó ń gbé májèlé lọ tààrà sínú jẹjẹrẹ bí ọkọ̀ ẹrù tí ó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, ó sì ń ran àwọn tí oògùn ìṣáájú kò ran mọ́ lọ́wọ́. Iye owó rẹ̀ ni ẹ má bi mí. Bí a bá ta ìsọ̀ Àlàájà àti aṣọ inú rẹ̀, kò lè rà á tán.

Ṣùgbọ́n ilé Ifẹ̀ ni ibi tí mo ti rí ẹ̀kọ́ tí ó kan àwa jù. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní CML. Ní 2001 Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn oníhóró kan fún un, imatinib, ohun tí ènìyàn ń gbé mì lójoojúmọ́ bí ẹni gbé oògùn ibà mì. Láti 2003 ni wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn ní ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ètò kan tí ilé iṣẹ́ Novartis àti Max Foundation gbé kalẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi sì ni ó darí rẹ̀ níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti igun gbogbo Nàìjíríà ni àwọn ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì pé ogójì ọdún. Àwọn tí à bá ti sin ni wọ́n, tí wọ́n ń ṣòwò tí wọ́n sì ń bímọ.

Àwọn kan nínú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wà tí imatinib yóò dẹ́kun ṣíṣe iṣẹ́ fún, nítorí jẹjẹrẹ ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Àwọn onímọ̀ ti rọ kọ́kọ́rọ́ tuntun fún wọn, dasatinib àti nilotinib. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jáde ní 2010. Wọ́n mú ẹni 87 tí ń lo imatinib láti ọdún mélòó kan, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú ìdérí ìgò oògùn wọn tí ó ń ka ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, fún oṣù mẹ́ta. Nínú àwọn tí ó lò ju 90 lọ nínú 100 oògùn wọn, nǹkan bí 94 nínú ọgọ́rùn-ún ni jẹjẹrẹ lọ sílẹ̀ fún dé ibi tí dọ́kítà ń fẹ́. Àwọn tí ó lò tó 90 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 28 péré. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ṣe ìṣirò yẹn bí ẹ ti ń ṣe ti owó. Ẹni tí ó fo ọjọ́ mẹ́ta nínú ọgbọ̀n ọjọ́ ni ó ti wọ inú àwọn tí wọ́n fìdí rẹmi yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta! Ẹni tí ó wá fi odidi Rámádàánì sílẹ̀ ń kọ́?

Nítorí náà ni mo ṣe ń bá ẹ̀yin àlùfáà wa sọ̀rọ̀, ẹ má bínú sí mi. Nínú Súrà Bákárà ni a ti gba aláìsàn láyè kí ó má gbààwẹ̀, kí ó sì san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí ó lè san án, ó lè bọ́ tálákà. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ti kà á ṣíwájú mi. Kí ni ó dé tí a kì í fi sọ ọ́ ketekete lórí mínbárì kí oṣù tó wọlé? Aláìsàn ń jókòó lẹ́yìn, ó ń gbọ́ bí a ti ń yin ẹni tí ó gbààwẹ̀ pẹ̀lú ibà lára, ojú ń tì í láti mu oògùn. Oògùn mìíràn wà tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, tí dọ́kítà lè gbé sí àsìkò ìṣínu tàbí sààrì. Òmíràn wà tí kò ṣeé sún. Dọ́kítà ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n bi í. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ pé kí a gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nìkan ni, ṣebí Ànábì ni ó ní kí ọkùnrin yẹn so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ àgbo ńkọ́? N kì í bá àgbo jà; ìyá mi fi í tọ́ mi. Ṣùgbọ́n Agége ni mo ń gbé, ìlú obì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti obì fún yín. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn fún àwọn ènìyàn tí ara wọn le ní halofantrine, oògùn ibà kan, nígbà mìíràn pẹ̀lú obì, nígbà mìíràn láìsí obì. Ìwádìí náà jáde ní 2009. Oògùn tí ó dé inú ẹ̀jẹ̀ dín kù nígbà tí obì bá wà níbẹ̀. Ti ibà nìyẹn, kì í ṣe ti jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí obì tí a fi ń gba àlejò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ìgò àgbo tí a kò mọ ewé mélòó tí ó wà nínú rẹ̀ lè ṣe? Ẹ máa sọ fún dọ́kítà ohun tí ẹ ń mu. Bí ó bá jágbe mọ́ yín, ẹ sọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀.

Èmi kò gbà, síbẹ̀, pé àìgbọ́n àwọn aláìsàn ni ó fa gbogbo rẹ̀. Owó ni. Dọ́kítà wa sọ fún mi pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń dá oògùn dúró lọ́dọ̀ òun kì í ṣe nítorí ààwẹ̀ tàbí àgbo; wọ́n kàn máa ń wí pé àwọn ń bọ̀, wọn kì í sì padà wá títí wọn yóò fi rí owó. A ní ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ ńlá ní LUTH láti 2019, ẹ̀rọ rẹ̀ sì jẹ́ ti òde òní. Kí ni ẹ̀rọ yóò ṣe fún ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ dé Ìdí-Àràbà láti Abúlé Ẹ̀gbá?

Mo dá a lábàá nínú ìpàdé ìjọ wa pé kí a ní àpótí oògùn. Kí á mú díẹ̀ nínú sàkáà àwọn oníṣòwò àti nínú sàráà ọjọ́ Jímọ̀, kí á máa san án tààrà fún ilé oògùn ilé ìwòsàn, kí owó má kan ọwọ́ aláìsàn tàbí ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Kí ẹnì kan láti inú asaláátù máa bá aláìsàn lọ ní ọjọ́ abẹ́rẹ́. Mo fi kún un pé kí á bẹ àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà tí wọ́n ń fún wa ní màlúù ní ọdọọdún kí wọ́n mú owó màlúù kan wá sínú àpótí. Àgbà kan dìde, ó ní sàkáà ní ọ̀nà mẹ́jọ nínú Súrà Táwúbà, jẹjẹrẹ kò sì sí níbẹ̀. Mo ní tálákà wà níbẹ̀, ajigbèsè wà níbẹ̀, àti pé Àlàájà wa ti di méjèèjì láàárín ọdún kan. Àgbà náà jókòó. Imáàmù wa, kí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí akápò lọ ra àpótí, kí ó sì ní kọ́kọ́rọ́ méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ obìnrin. Ẹlòmíràn tún bi mí bóyá Onígbàgbọ́ lè jẹ nínú rẹ̀. Mo ní aládùúgbò ni. A kò tíì parí àríyànjiyàn lórí ìyẹn, èmi kò sì ní í dákẹ́ lórí rẹ̀.

Ìjọ kan tí mo mọ̀ kò lò tó oṣù mẹ́rin tí ó fi rí owó kọ́ ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí rẹ̀ kẹta. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Mo padà lọ bá Àlàájà. Mo sọ fún un pé ayédèrú kọ́ ni oògùn rẹ̀: dọ́kítà rántí bí kókó náà ti rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ayédèrú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ ti mẹ́gáàdì fún un. Mo ní kò sí ẹni tí ó lè wí dájú pé dídúró tí ó dúró nìkan ni ó fà á, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì alágídí lè ti wà nínú kókó náà láti ọjọ́ kìíní; ṣùgbọ́n oṣù wọ̀nyẹn fún wọn láyè láti gbèrú. Ó dákẹ́ títí. Ó ní, "Bàbá, nígbà tí ẹ bá kọ ọ́, ẹ kọ ibi ti oṣù yẹn dáadáa."

Wọ́n ti tún ara kókó náà yẹ̀ wò, wọ́n sì ti pààrọ̀ oògùn rẹ̀ sí òmíràn. Ó ti gba méjì. Dọ́kítà ní òun kò tíì lè sọ nǹkan, pé kí á dé orí ẹ̀kẹta ná. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀ ni ẹ̀kẹta, owó rẹ̀ sì ti pé nínú àpótí. Ti ẹ̀kẹrin ni a kò tíì rí.